Yíyan Àtúnṣe Tí Ó Yẹ fún Ẹ̀dà Ìdúróṣinṣin Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni láti máa tún nǹkan ṣe. Bí a bá ti rí àmì ohùn tí ó ṣì gbé, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ pín sí méjì níbi tí ó yẹ kí ó wà papọ̀, ọwọ́ wa a máa yá sí bírò pupa. A gbà pé ohun tí kò tọ́ kò gbọdọ̀ dúró, àti pé bí àtúnṣe bá ti tọ̀nà, kò sí ìdí tí a kò fi ní ṣe é lójú ẹsẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé iṣẹ́ kan tí àwọn tí ó ń ṣe é kò fara mọ́ èrò yìí pátápátá. Àwọn náà ń tún àṣìṣe ṣe lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọn kì í gba àtúnṣe wọ̀, bí ó ti wù kí ó tọ̀nà tó, àfi bí ó bá yege nínú àwọn ìbéèrè kan. Àwọn tí ó ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà ni a ń wí. Ibi tí wọ́n ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ẹ̀dà ìdúróṣinṣin.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akọ́mọlédè nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn wa kò gùn. Ètò Linux tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tí ó wà lápò wa. Bákan náà, láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà nìkan ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí èdè Yorùbá sì wà lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 2025, àtúnṣe kan tí kò dé gbogbo ibi tí ó yẹ kí ó dé kó ọ̀pọ̀ ọmọ sí wàhálà. A ó dé orí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí àwọn oníṣẹ́ náà ṣe ń ronú.

Kí ni ẹ̀dà ìdúróṣinṣin?

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Linux. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ekùrọ́ tí a ń bá nínú ẹyìn. Òun ni ó wà láàrin gbùngbùn. Òun ni ó ń bá díìsìkì, bọ́tìnnì àti ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, tí gbogbo ètò yòókù sì yí i ká. A ó máa pè é ní ekùrọ́ Linux.

Torvalds nìkan kọ́ ni ó ń kọ ọ́ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri àgbáyé ni ó ń fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́, òun sì ni ó ń pinnu èyí tí yóò wọlé sí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí a ó pè ní ẹ̀dà àgbà. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ẹ̀dà tuntun kan máa ń jáde. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a máa gba ohun tuntun wọlé. Lẹ́yìn èyí, àtúnṣe nìkan ni a óò máa gbà títí tí ẹ̀dà náà yóò fi jáde. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tuntun tí kì í mú àléébù tirẹ̀ wá. Ẹni tí ó ń fi Linux ṣe iṣẹ́ báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn kò fẹ́ ohun tuntun. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí a bá a tún èyí tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣe, kí a má sì fọwọ́ kan ìyókù.

Nígbà kan, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ya ẹ̀dà ìlò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Bí nọ́ńbà kejì bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 2.4, ẹ̀dà ìlò ni. Bí kò bá ṣeé pín dọ́gba, bíi 2.5, ẹ̀dà ìdánrawò ni. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n pa ìlànà yìí tì, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀dà ìdánrawò máa ń pẹ́ jù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun gbogbo wá ń wọ inú ẹ̀dà kan ṣoṣo, àwọn aláìnífẹ̀ẹ́ ohun tuntun kò ní ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tí Greg Kroah-Hartman àti Chris Wright fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka ìdúróṣinṣin ní oṣù Kẹta ọdún 2005. Ẹ̀dà 2.6.11 ti jáde láti ọwọ́ Torvalds. Àwọn méjèèjì kó àtúnṣe díẹ̀ jọ sórí rẹ̀, wọ́n sì pè é ní 2.6.11.1. Nọ́ńbà tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni àmì pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Àwa tí a ń lo ìwé kíkà nílé-ẹ̀kọ́ ti mọ irú nǹkan báyìí. Bí òǹkọ̀wé bá ń kọ ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, kò ní kí àwọn ọmọ tí ẹ̀dà kìíní wà lọ́wọ́ wọn máa wòye. Ó lè tẹ ìwé pélébé kan tí yóò sọ pé ní ojú ewé báyìí, kí ẹ ka báyìí dípò báyìí. Ohun tí ó yẹ kí ó wà lórí ìwé pélébé yẹn, àti ohun tí ó yẹ kí ó dúró de ẹ̀dà kejì, ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń yàn

Ìlànà tí àwọn olùtọ́jú ẹ̀ka yìí ń tẹ̀ lé wà ní kíkọ sínú ìwé tí ó bá ekùrọ́ Linux fúnra rẹ̀ rìn. Kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. A ó mú èyí tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀.

Ó gbọdọ̀ hàn gbangba pé àtúnṣe náà tọ̀nà, ó sì gbọdọ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dán an wò. Kò gbọdọ̀ ju 100 ìlà lọ, títí kan àwọn ìlà tí ó yí i ká tí a kò fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin olùdánwò yóò rí i pé òfin gígùn yìí kò sọ ohunkóhun nípa bóyá iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára. Bí àtúnṣe ṣe ń gùn sí i ni ó ń ṣòro fún ẹlòmíràn láti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó tọ̀nà. Òfin méjèèjì so mọ́ ara wọn: ohun tí a kò lè rí òpin rẹ̀ ní ìwò kan, a kò lè sọ pé ó hàn gbangba.

Àléébù tí a fẹ́ tún ṣe gbọdọ̀ jẹ́ ojúlówó, èyí tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú ní tòótọ́. Irú rẹ̀ ni èyí tí ó ń mú kọ̀ǹpútà kú lójijì, tí ó ń ba ohun tí a kọ sínú díìsìkì jẹ́, tàbí tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún olè. Wọn kì í gba àtúnṣe tí ẹni tí ó kọ ọ́ kàn sọ pé ìṣòro lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí iṣẹ́ méjì bá ṣèèṣì dé ìdí ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ bá lè ṣẹlẹ̀, kí ó ṣàlàyé bí ẹni ibi ṣe lè lò ó. Bí kò bá lè ṣàlàyé, kí àtúnṣe náà wà nínú ẹ̀dà àgbà, kí ó sì bá ẹ̀dà tuntun jáde nígbà tí àsìkò bá tó.

Àtúnṣe kò sì gbọdọ̀ wọ ẹ̀ka ìdúróṣinṣin láìjẹ́ pé òun, tàbí èyí tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ti wà nínú ẹ̀dà àgbà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka òfin yìí, ó jọ wá lójú bí òfin ìjọba lásán, irú èyí tí ó ń sọ pé kí lẹ́tà gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí i. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ rí àtúnṣe gbà. Ara tù ú. Ní ọdún kejì, ó ra kọ̀ǹpútà mìíràn tí ẹ̀dà tuntun wà nínú rẹ̀, àrùn tí ó ti rò pé ó ti lọ sì tún bá a níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó rántí láti fi àtúnṣe náà sínú ẹ̀dà àgbà tí ẹ̀dà tuntun ti jáde wá. Ẹni tí ó tẹ̀ síwájú ni yóò wá jìyà, ẹni tí ó dúró sẹ́yìn yóò sì rò pé òun gbọ́n. Òfin náà ń dáàbò bo ẹni tí kò tíì débẹ̀.

Ẹni tí ó kọ àtúnṣe a máa fi ìlà kan sí ìdí rẹ̀ tí yóò sọ ìgbà tí àléébù náà wọlé, ìyẹn ni pé yóò tọ́ka sí àyípadà tí ó bí i. Ìlà kékeré yìí wúlò púpọ̀. Bí àléébù bá wọlé ní ọdún 2022, ẹ̀dà tí ó jáde ní 2019 kò ní í, a kò sì gbọdọ̀ fún un ní oògùn àrùn tí kò ṣe é. Nígbà tí àwọn olùtọ́jú bá ti kó àtúnṣe jọ, wọn a fi í hàn fún gbogbo ènìyàn fún wákàtí 48, kí ẹni tí ó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó gbé ẹ̀dà náà jáde.

Debian, tí ó ń kó ekùrọ́ Linux àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn pọ̀ sí ojú kan, tún le ju èyí lọ. Láti ọdún 1993 tí Ian Murdock ti dá a sílẹ̀ ni ó ti ń dàgbà, orúkọ tí ó sì ní láàrin àwọn oníṣẹ́ ni pé kì í kánjú. Àléébù pín sí ìpele méje lọ́dọ̀ wọn, láti orí èyí tí ó jẹ́ ìfẹ́-inú lásán títí dé orí èyí tí ó lè ba gbogbo kọ̀ǹpútà jẹ́. (Méje yìí kò tó ti WAEC, tí ó ń ka ti wa láti A1 dé F9.) Àléébù tí kò bá dé ìpele kẹrin láti ìsàlẹ̀ kì í sábà ráyè wọ ẹ̀dà ìdúróṣinṣin. Àtúnṣe gbọdọ̀ ti kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀ka tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò. Ẹni tí ó mú un wá yóò sì tẹ gbogbo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ti àtijọ́ àti ti tuntun jáde, ìlà dé ìlà, kí ìgbìmọ̀ wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé kí ó sọ ohun tí ó ṣe; kí ó fi hàn.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́

Òfin kan wà tí yóò ya àwa olùkọ́ èdè lẹ́nu. Ìlànà ekùrọ́ Linux sọ pé àtúnṣe àkọtọ́ lásán, àti títo àlàfo àárín ọ̀rọ̀, kò ní àyè nínú ẹ̀ka ìdúróṣinṣin bí kò bá ṣe àwọn tí ó ń lò ó ní àǹfààní kankan. Kí í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn àkọtọ́ tí kò dára. Wọn a máa gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀dà àgbà. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé gbogbo ìgbà tí a bá la ohun tí ó ń ṣiṣẹ́, ewu díẹ̀ wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gba ewu náà ní ọ̀fẹ́.

Ìgbà mìíràn sì wà tí àṣìṣe àkọtọ́ fúnra rẹ̀ ti di òpó tí ilé dúró lé. Nínú èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan wà, “Referer”, tí ó ń sọ ojú ewé tí ẹnìkan ti wá. Lẹ́tà “r” kan ti jábọ́ láàrin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé ìlànà ọdún 1996 ti gbé e jáde bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí a bá tún un ṣe lónìí, gbogbo ètò tí ó ń wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú “r” kan kò ní rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Unicode, ìlànà tí ó fún gbogbo lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà àti orúkọ. Nínú orúkọ àmì kan tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà ń lò, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ U+FE18, wọ́n kọ “BRAKCET” níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ “BRACKET”. Òfin Unicode ni pé orúkọ tí a bá ti fún lẹ́tà kò gbọdọ̀ yí padà. Wọ́n fi orúkọ àpèlé tí ó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àṣìṣe náà sílẹ̀.

Irú òfin kan náà ni ó dé bá èdè wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ráhùn pé “ẹ́” àti “ọ̀” kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, pé lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń tò lé ara wọn, àti pé nígbà mìíràn àmì náà a máa fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Àwọn elédè Faransé ní “é” tiwọn ní odindi. Kí ló dé tí a kò fún wa ní tiwa? Nítorí pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì jẹ́ ọ̀kan náà ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 2001, bí wọ́n bá sì ń fi odindi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kún un báyìí, ìwé tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè máà bára mu mọ́ nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ó dùn wá pé ẹnu ọ̀nà ti tì kí a tó débẹ̀. Síbẹ̀, ìdí tí wọ́n fi tì í ń dáàbò bo ìwé Yorùbá tí ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye, nítorí àwa náà ti la irú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí a fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974, “aiye” di “ayé”, “enia” di “ènìyàn”, “nwọn” sì di “wọ́n”. Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí ti wáyé. Ṣùgbọ́n Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà ṣì ń kọ “nwọn” àti “enia”, àwọn tí “Aiye” sì wà nínú orúkọ wọn kò lọ yí ìwé ẹ̀rí wọn padà. Àtúnṣe tọ̀nà, a gbé e sí ibi tí ó yẹ, a kò sì fi dandan gbé e lé ohun tí àwọn ènìyàn ti fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí yíyàn kò bá dára

Ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀ tí yóò jẹ́ kí a rí i pé àwọn òfin wọ̀nyí kì í ṣe àṣejù.

Ní ọdún 2006, ẹnìkan tí ó ń tọ́jú ètò OpenSSL fún Debian rí i pé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ àṣìṣe ń pariwo lórí ìlà méjì. OpenSSL ni ètò tí ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ọ̀rọ̀ pa. Ariwo náà ń dí àwọn tí ó ń kọ ètò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà lára. Ó yọ ìlà méjèèjì kúrò, ariwo dákẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìlà wọ̀nyẹn ni èyí wà tí ó ń po gbogbo ohun àìròtẹ́lẹ̀ pọ̀ kí kọ́kọ́rọ́ kan má baà jọ èkejì. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó kù tí ó ń yí kọ́kọ́rọ́ padà, nọ́ńbà yìí kò sì ju 32,768 lọ. Olè kò nílò láti ronú. Kí ó kàn gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Àyípadà yìí wọ inú ẹ̀dà ìdúróṣinṣin tí wọ́n ń pè ní “etch” ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, kò sì sí ẹni tí ó rí i títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí Luciano Bello ṣe àwárí rẹ̀. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti ṣe láti inú rẹ̀ ni wọ́n ní láti kó dànù, títí kan èyí tí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní Debian nínú rárá.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 yàtọ̀ sí i, òun ni ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò jù. Nínú OpenSSL, àtúnṣe náà kò tọ̀nà. Nínú ti ọdún 2023, àtúnṣe tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ext4 ni, apá ekùrọ́ Linux tí ó ń to fáìlì sí orí díìsìkì. Àtúnṣe kan wọ ẹ̀dà àgbà tí ó jẹ mọ́ bí a ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ pé fáìlì ti gùn sí i. Wọ́n gbé e padà sí ẹ̀dà 6.1, tí ó ti jáde láti òpin ọdún 2022, ó sì wà nínú 6.1.64. Ohun tí wọn kò rí ni pé àtúnṣe yìí gbára lé àyípadà mìíràn tí ó ti wọ ẹ̀dà 6.5 ṣáájú. Nínú ẹ̀dà àgbà, èyí tí ó gbára lé wà nílẹ̀. Nínú 6.1, kò sí i. Nítorí náà, nígbà tí ètò kan bá ń kọ̀wé sínú fáìlì ní ọ̀nà kan báyìí, ojú ibi tí ó yẹ kí ó ti tẹ̀ síwájú á ṣì, ohun tí a ti kọ sílẹ̀ á sì bàjẹ́. Debian ń múra láti gbé ẹ̀dà 12.3 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù náà nígbà tí ìròyìn dé. Wọ́n dá a dúró, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì gbé 12.4 jáde ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí a rí nínú èyí ni pé títọ̀nà kì í ṣe ìwà tí àtúnṣe ń gbé kiri. Ibi tí ó wà ni ó fi tọ̀nà. Olùkọ́ tí ó bá yọ gbólóhùn kan láti inú àròkọ tí ó dára, tí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àròkọ mìíràn, yóò rí i pé “òun” tí ó wà nínú gbólóhùn náà kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́ka sí ni kò bá a wá.

Ibi tí òfin ti ń tẹ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn olùtọ́jú yìí kò mọ̀ ju kí wọ́n kọ nǹkan lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ayé gbọ́ nípa Meltdown àti Spectre, àléébù tí ó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí ó lè jẹ́ kí ètò kan ka àṣírí ètò mìíràn. Àtúnṣe rẹ̀ ju 100 ìlà lọ fíìfíì, ó sì wọ ibi tí ó jinlẹ̀ jù nínú ekùrọ́ Linux. Síbẹ̀ wọ́n gbé e sínú àwọn ẹ̀dà ìdúróṣinṣin láàrin ọjọ́ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń fa ọwọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn sẹ́yìn. Ìyà tí yóò jẹ àwọn ènìyàn bí a kò bá ṣe é pọ̀ ju èyí tí ó lè jẹ wọ́n bí a bá ṣe é. Debian pẹ̀lú kì í gbìyànjú láti lẹ àtúnṣe kéékèèké mọ́ Firefox àtijọ́. Odindi ẹ̀dà tuntun tí àwọn tí ó ni Firefox ṣètò fún ìlò ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń gbà, nítorí pé lílẹ̀ ẹ́ ti kọjá agbára wọn.

Àríyànjiyàn tí ó tún wà láàrin àwọn olùtọ́jú ekùrọ́ Linux ni iye tí ó yẹ kí wọ́n máa gbà. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni Sasha Levin ti ń lo ẹ̀rọ tí a ti kọ́ láti dá àtúnṣe mọ̀, kí ó lè ṣa èyí tí àwọn tí ó kọ ọ́ gbàgbé láti yàn. Àwọn kan yìn ín, wọ́n ní ọ̀pọ̀ àtúnṣe tí ó ṣe pàtàkì ni ìbá ti sọnù. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tí ó ń tọ́jú XFS, tí òun náà ń to fáìlì, sọ pé kí ẹ̀rọ má fọwọ́ kan tiwọn, pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa yàn. Lójú tiwa, àwọn XFS ni ó jàre. Bí fóònù bá kú lójijì, a lè tún un tàn. Fáìlì tí ó bá ti bàjẹ́ kò ní tanná padà, ẹni tí ó ni ín sì lè máà mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀. Ibi tí àṣìṣe kò bá ti ní àtúnṣe, ojú ènìyàn tí ó mọ ibẹ̀ dáadáa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kan àtúnṣe.

Ní ilé wa ńkọ́?

Ní ọdún 2025, JAMB ṣe àyípadà díẹ̀ sí ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò UTME. Lára rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń po ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ kí ti ọmọ kan má baà jọ ti èkejì. Ìsọ̀rí méjì ni àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń pín ìbéèrè wà, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní KAD àti èkejì tí wọ́n ń pè ní LAG. Àtúnṣe tí ó yẹ kí ó bá àyípadà náà rìn dé KAD. Kò dé LAG, tí ó ń bójú tó Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ títí tí èsì fi jáde ní oṣù Karùn-ún. Ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, jáde ní ọjọ́ 14 oṣù náà láti gba àṣìṣe náà sí JAMB lọ́rùn ní gbangba. Ibùdó ìdánwò 157 ni ó kàn, 65 ní Èkó, 92 ní agbègbè Owerri. Ọmọ 379,997 ni a ní kí ó tún ìdánwò ṣe.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí ó sọ pé àtúnṣe náà kò dára. Níbi tí ó dé, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí a ń lò fún ìdánwò gbogbo orílẹ̀-èdè kì í ṣe ti KAD nìkan, kì í sì í ṣe ti LAG nìkan. Bí àtúnṣe bá dé apá kan tí kò dé apá kejì, a ti ní ìdánwò méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan.

Nínú yàrá tí a ti ń máàkì ìwé ìdáhùn, a máa ń bá irú èyí pàdé lọ́nà tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ní ọjọ́ kẹta ìmáàkì, olùdánwò kan rí àṣìṣe nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Bí ó bá jẹ́ pé àmì ohùn ni ó ṣì gbé lórí ọ̀rọ̀ kan nínú àlàyé, tí gbogbo wa sì ti mọ ohun tí ó ń wí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ọmọ tí ó pàdánù nǹkan kan nítorí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀nà ìpínmáàkì mìíràn ìbá dára ju èyí tí a fẹnu kò sí, ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀dà tuntun nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìtọ́sọ́nà gba ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún òwe tí ó ní méjì, tí a sì ti ń fi òdo fún àwọn ọmọ tí ó kọ èkejì, àléébù tí ó ń pa ènìyàn lára ni, ó sì kúrú, ó sì hàn gbangba. Kí olórí olùdánwò fọwọ́ sí i. Kí ó dé gbogbo ibùdó ìmáàkì ní ọjọ́ kan náà. Kí a sì tún kó àwọn ìwé ìdáhùn ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ jáde láti inú àpò tí a ti dì wọ́n sí, kí a wá ìbéèrè yẹn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.